Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Iṣẹ́ Baltasar Kormákur, Olùdarí Fíìmù Ọmọ Áísílándì

Ta ni Baltasar Kormákur?

Baltasar Kormákur jẹ́ olùdarí fíìmù, olùgbéjáde àti òṣèré tí wọ́n bí ní Reykjavík, olú-ìlú Áísílándì, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1966. Ayàwòrán tó ti Sípéènì wá tẹ̀dó sí erékùṣù náà ni bàbá rẹ̀. Oníṣẹ́ ère ni ìyá rẹ̀. Òun ni olùdarí tí orúkọ rẹ̀ tàn jù nínú àwọn ọmọ Áísílándì tó ń ṣiṣẹ́ nílé àti ní Hollywood lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdún tí wọ́n bí i gan-an ni RÚV, ilé-iṣẹ́ ìròyìn ti ìjọba wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò tẹlifíṣọ̀n jáde, títí di ọdún 1987 ni kò sì sí ètò kankan lórí rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá owó ìrànwọ́ fún fíìmù sílẹ̀. Iṣẹ́ tí Baltasar bá nílé kò tíì gbó nígbà tó wọ inú rẹ̀, orílẹ̀-èdè tó sì ń ṣe é kò ní tó 400,000 ènìyàn títí di òní.

Ṣé Kormákur ni orúkọ ìdílé rẹ̀?

Rárá o. Orúkọ àbísọ ni Baltasar, orúkọ àbísọ sì ni Kormákur. Samper ni orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ará Áísílándì kò ní orúkọ ìdílé rárá, orúkọ bàbá tàbí ti ìyá ni ọmọ ń fi ṣe orúkọ ìkẹyìn, orúkọ àbísọ ni wọ́n sì fi ń pe ara wọn, ìbáà ṣe ààrẹ orílẹ̀-èdè. Ìdí nìyí tí ìwé ìròyìn ilé wọn fi ń pè é ní Baltasar, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó sì ṣe níhìn-ín.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Orí ìtàgé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó parí ẹ̀kọ́ eré ṣíṣe ní Reykjavík ní ọdún 1990, ó sì wọ Þjóðleikhúsið, ilé eré ti ìjọba àpapọ̀, níbi tó ti ṣe òṣèré fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í darí eré fúnra rẹ̀. Láàárín àsìkò yẹn ó ń kópa nínú fíìmù àwọn ẹlòmíì, pàápàá *Djöflaeyjan* (1996) àti *Englar alheimsins* (2000), tí Friðrik Þór Friðriksson darí méjèèjì.

Ìtàgé kò kúrò lára rẹ̀. *Hafið* (2002), fíìmù nípa bàbá olówó kan tó ni ilé-iṣẹ́ ẹja ní abúlé etíkun, tó ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ rẹ̀ wálé tí ìjà ogún sì bẹ́ sílẹ̀, láti inú eré orí ìtàgé Ólafur Haukur Símonarson ló ti jáde. *Brúðguminn* (2008) ti inú *Ivanov* tí Chekhov kọ wá. Erékùṣù kékeré tí wọ́n ń pè ní Flatey ni wọ́n ti yà á. Ẹni tó bá wo àwọn méjèèjì yóò rí i pé ó mọ bí a ti ń kó ènìyàn mẹ́wàá jọ sídìí tábìlì kan kí ọ̀rọ̀ tó dìjà.

Fíìmù wo ló kọ́kọ́ darí?

*101 Reykjavík* ni, ó jáde ní ọdún 2000. Nọ́ńbà 101 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ń lò fún àárín gbùngbùn Reykjavík, ìwé ìtàn àròsọ Hallgrímur Helgason ni wọ́n sì ti mú ìtàn náà. Hlynur, ọkùnrin tó ti ń súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún, tí kò níṣẹ́, tó ṣì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, bá Lola, olùkọ́ ijó ọmọ Sípéènì, sùn. Lẹ́yìn náà ló mọ̀ pé olólùfẹ́ ìyá òun ni obìnrin náà. Victoria Abril ló ṣe Lola. Damon Albarn àti Einar Örn Benediktsson ló ṣe orin inú rẹ̀.

Àjọ̀dún fíìmù Toronto ní Kánádà fún un ní àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn olùdarí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ti mọ orúkọ rẹ̀.

Kí ni *Mýrin*, kí sì ló dé tí wọ́n fi ń tọ́ka sí i?

*Mýrin* (2006), tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí *Jar City*, jẹ́ fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti inú ìwé Arnaldur Indriðason. Erlendur, tí Ingvar E. Sigurðsson ṣe, ń wá ẹni tó pa bàbá arúgbó kan. Ìwádìí náà sì gbé e lọ sí ibojì ọmọdébìnrin kan, sí ọ̀rọ̀ àrùn àjogúnbá, títí dé ilé-iṣẹ́ tó kó àkọsílẹ̀ ìran àti àìlera gbogbo ará ìlú pa mọ́. Ní orílẹ̀-èdè tí wọn ò pọ̀, tí wọ́n sì ń kọ ìtàn ìran sílẹ̀ láti ìgbà láéláé, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àròsọ lásán. Fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù ní àjọ̀dún Karlovy Vary, ní orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì, ní ọdún 2007.

Ìran kan wà níbẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn òǹwòran. Erlendur ra orí àgùntàn sísè, ó gbé e délé, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó sì jókòó tì í, tòun ti ojú rẹ̀, láìwo ọ̀tún wo òsì. Àwọn òǹwòran ilẹ̀ òkèèrè kan ké hàà. Ẹni tó bá ti jẹ orí ewúrẹ́ rí kò ní rí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Ohun tí yóò rí ni ọkùnrin kan tó dá nìkan wà, tó ń jẹun alẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Báwo ló ṣe dé Hollywood?

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni *A Little Trip to Heaven* (2005), tí Forest Whitaker àti Julia Stiles kópa nínú rẹ̀. Ìtàn Amẹ́ríkà ni, àmọ́ Áísílándì ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀.

Ìlẹ̀kùn gan-an ṣí ní ọ̀nà tí kò wọ́pọ̀. Ní ọdún 2008, Baltasar jẹ́ olùgbéjáde àti olú òṣèré nínú *Reykjavík-Rotterdam*, ìtàn afàyàwọ́ inú ọkọ̀ òkun tí Óskar Jónasson darí. Nígbà tí Hollywood fẹ́ tún un ṣe lédè Gẹ̀ẹ́sì, òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ olùdarí fún, Mark Wahlberg sì gba ipò tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe nílé. *Contraband* jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2012, òun ló sì pa owó jù ní Amẹ́ríkà ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni *2 Guns*, pẹ̀lú Denzel Washington àti Wahlberg.

Kí ló dé tí àwọn ará Áísílándì fi gbé *Djúpið* ga tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé ìtàn tiwọn ni, gbogbo ilé ló sì mọ̀ ọ́n kó tó di fíìmù. Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1984, ọkọ̀ apẹja *Hellisey*, tó gbé ọkùnrin márùn-ún, dojú dé nítòsí àwọn erékùṣù Vestmannaeyjar ní gúúsù Áísílándì. Mẹ́rin kú. Ẹnì kan ṣoṣo, Guðlaugur Friðþórsson, wẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà nínú omi tí òtútù rẹ̀ kò ju ìwọ̀n 6 Celsius lọ, irú omi tó máa ń pa ènìyàn kí wákàtí kan tó pé. Ó ń bá àwọn ẹyẹ ojú omi sọ̀rọ̀ kó má baà sùn lọ.

Nígbà tó dé èbúté, àpáta gíga ló bá. Ó ní láti padà sínú omi lọ wá ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ló fẹsẹ̀ lásán rìn kọjá lórí òkúta mímú tí òkè ayọnáyèéfín ti yọ́ dà sílẹ̀, ó sì fọwọ́ fọ́ yìnyín ojú ọpọ́n omi àwọn àgùntàn kó tó rí omi mu. Àwọn dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà rí i pé ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ nípọn ju ti ẹlòmíì lọ dáadáa, òun ni wọ́n sì sọ pé ó gbà á là.

Baltasar gbé Ólafur Darri Ólafsson, òṣèré tó sanra dáadáa tí kò jọ akọni inú fíìmù rárá, sínú òkun gidi. Ohun tó mú kí fíìmù ọdún 2012 yìí ju ìtàn àjálù lọ ni ìdajì rẹ̀ kejì: wọ́n ń fi ọkùnrin náà ṣe ìdánwò nínú omi dídì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tójú ń tì, ó sì ní láti lọ bá ìdílé àwọn tó kú. Lójú tiwa, kò tíì ṣe fíìmù tó dára jù èyí lọ.

Níbo ni wọ́n ti ya *Everest*?

Ní Nepal, ní orí àwọn òkè Alps ti Ítálì, àti nínú sítúdíò ní Ìlú Ọba àti ní Róòmù. Kò sẹ́ni tó lè kó gbogbo òṣèré àti kámẹ́rà gun orí òkè Everest fúnra rẹ̀. Òfuurufú ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ́ lọ. Ìtàn náà dá lórí àjálù oṣù Karùn-ún ọdún 1996, nígbà tí ìjì dé bá àwọn ẹgbẹ́ agunkè tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, tí ènìyàn mẹ́jọ sì kú. Fíìmù yìí ló ṣí àjọ̀dún Venice ní ọdún 2015, ó sì pa owó tó ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ káàkiri ayé, èyí tí kò sí olùdarí ọmọ Áísílándì tó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ṣé ó ti ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ya *Beast* (2022), níbi tí Idris Elba ti ṣe dókítà tó kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì lọ sí ìlú ìyá wọn tó ti kú, tí kìnnìún tí àwọn apẹranko aláìbófinmu ti pa agbo rẹ̀ run sì ń lépa wọn. Kò sí kìnnìún gidi lára èyí tó ń kọ lu àwọn òṣèré; kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, ènìyàn ló sì dúró nípò rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á. Ìtàn rẹ̀ kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí kámẹ́rà ti ń yí wọn ká fún ìṣẹ́jú gígùn láìjáwọ́, débi pé òǹwòran náà ń wo ẹ̀yìn igi pẹ̀lú wọn.

Kí ni *Ófærð*?

Eré alápá púpọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ni, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní *Trapped*. Ọkọ̀ èrò láti Denmark dé èbúté ìlú kékeré kan ní ìhà ìlà-oòrùn Áísílándì. Ọjọ́ náà ni àwọn apẹja fa òkú tí kò lórí tí kò lápá jáde látinú omi. Ìjì yìnyín sì dí ọ̀nà, àwọn ọlọ́pàá Reykjavík kò lè dé. Andri, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì, ni yóò yanjú ọ̀ràn náà. Ólafur Darri tó wẹ̀ nínú *Djúpið* ló ṣe Andri. Seyðisfjörður ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n Siglufjörður ní àríwá ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀.

RÚV bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2015. BBC rà á, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn sì rà á, èdè Áísílándì náà ni wọ́n sì fi ń wò ó pẹ̀lú àkọlé ìsàlẹ̀. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Prix Europa ní ọdún 2016. Apá kẹta, tó jáde ní ọdún 2021, wà lórí Netflix pẹ̀lú orúkọ *Entrapped*.

Ṣé òun ló darí gbogbo rẹ̀?

Rárá. Òun ló dá èrò náà sílẹ̀, òun ló ń ṣe olùgbéjáde, ó sì darí díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn olùdarí bíi Baldvin Z, Óskar Þór Axelsson àti Börkur Sigþórsson pín ìyókù. Bákan náà ni *King & Conqueror* (2025), eré BBC nípa ogun ọdún 1066 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Baltasar fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ka orúkọ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan.

Báwo ni wọ́n ṣe ya *Katla* nígbà àjàkálẹ̀ kòrónà?

Katla jẹ́ òkè ayọnáyèéfín gidi tó wà lábẹ́ yìnyín ní gúúsù Áísílándì. Ọdún 1918 ló bú gbàmù kẹ́yìn lọ́nà tó le. Nínú eré alápá púpọ̀ tí Baltasar fi orúkọ òkè náà pè, tó ṣe fún Netflix, ó ti ń yọ eérú fún ọdún kan, ìlú Vík ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, àwọn ènìyàn tí eérú bò láti orí dé ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látinú yìnyín, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ó ti kú.

Nígbà tí iṣẹ́ fíìmù dúró ní gbogbo ayé ní ọdún 2020, Áísílándì jẹ́ ọ̀kan lára ibi ìwọ̀nba tí Netflix ti ń bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀wọ́ pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́ aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀wọ́ kan má baà dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Eré náà jáde ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ọjọ́ àjọ̀dún òmìnira wọn.

Níbo ni sítúdíò rẹ̀ wà, kí ló sì wúlò fún?

Ó wà ní Gufunes, létí omi ní Reykjavík, nínú ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ àtijọ́ tí ìjọba ti dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ilé-iṣẹ́ Baltasar, RVK Studios, sọ gbọ̀ngàn ibẹ̀ di ibi ìyàwòrán fíìmù tó ju 3,000 mítà onígun mẹ́rin lọ. Ṣáájú rẹ̀, bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́, kò sí ibi gidi tí iṣẹ́ ńlá lè sá wọ̀. Àwọn ará Hollywood máa ń ya òkè àti yìnyín, wọ́n á sì kó ẹrù wọn lọ ya ìyókù ní Ìlú Ọba.

Ọ̀rọ̀ owó ló so mọ́ ọn. Ìjọba Áísílándì ń dá díẹ̀ padà nínú owó tí ilé-iṣẹ́ fíìmù bá ná nílẹ̀ wọn. Ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi bẹ̀rẹ̀, ó di 25, ó sì di 35 fún àwọn iṣẹ́ ńlá láti ọdún 2022. Ẹni tó bá dúró fún ọjọ́ mẹ́ta láti ya àpáta kò ní jèrè tó ẹni tó ya gbogbo eré níbẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ ya gbogbo rẹ̀ níbẹ̀ nílò òrùlé. Ohun tí Baltasar rí nìyẹn. *King & Conqueror*, tí wọ́n ya ní Áísílándì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn rẹ̀ wà, jẹ́ èso rẹ̀ tààrà, àléébù rẹ̀ náà sì hàn: àwọn òkè dúdú ẹ̀yìn ọba Harold kò jọ ti gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ṣé ó ti gba Oscar?

Kò tíì gbà á. Áísílándì fi *Djúpið* ránṣẹ́, ó sì wọ àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́kù; *Snerting* (2024) wọ àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí èyí tó dé orí àtẹ ìkẹyìn nínú méjèèjì. Fíìmù Áísílándì kan ṣoṣo ló ti dé ibẹ̀ nínú ìsọ̀rí fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, ìyẹn *Börn náttúrunnar* ti Friðrik Þór Friðriksson, tó jáde ní 1991.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé omi, yìnyín àti ìjì ló ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ jà nígbà gbogbo?

Ibi tó ti dàgbà ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Nígbà èwe rẹ̀, ó máa ń bá wọn díje nínú ìwakọ̀ onígbòkun, ó sì ń sin ẹṣin ní oko rẹ̀ ní àríwá. Ohun tí afẹ́fẹ́ lè ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó kà nínú ìwé. Nígbà tó ń ya *Adrift* (2018), ìtàn Tami Oldham tí ìjì ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ní ọdún 1983 tó sì fi ọjọ́ 41 léfòó dé Hawaii, ojú òkun Fiji ló kó àwọn òṣèré lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ìjì nìkan ni. Nínú *Ófærð*, yìnyín kò pa ẹnikẹ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti ìlẹ̀kùn, kí ará ilé tó ń bínú síra wọn má rí ibi sá lọ. Ìtàgé tó ti wá ló kọ́ ọ ní èyí.

Ṣé òótọ́ ni àwọn fíìmù rẹ̀ tó dá lórí ìṣẹ̀lẹ̀ gidi?

Òkodoro ìṣẹ̀lẹ̀ máa ń wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. *Djúpið* pe akọni rẹ̀ ní Gulli, wọ́n sì kọ ìwé eré rẹ̀ láti inú eré orí ìtàgé Jón Atli Jónasson. *Adrift* fi ohun kan pamọ́ fún òǹwòran títí di òpin, èyí tí ẹni tó ka ìtàn obìnrin náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

*Everest* ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Akọ̀ròyìn Jon Krakauer, tó wà lórí òkè náà lọ́jọ́ yẹn, bínú sí ìran kan tó fi hàn bí ẹni tó kọ̀ láti lọ gba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ là, ó ní irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́ sí gbígbọ́. Bí fíìmù bá lo orúkọ ẹni tó ṣì wà láàyè, kò yẹ kó fi sí i lẹ́nu ohun tí kò sọ, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ikú.

Ṣé lóòótọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ní òkèèrè kò tó ti ilé?

Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. *2 Guns* dùn-ún wò, ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ sì lè darí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó hàn jù wà láàárín *Reykjavík-Rotterdam* àti *Contraband*. Nínú ti ilé, afàyàwọ́ náà jẹ́ bàbá tí gbèsè há mọ́, tó ń gba iṣẹ́ padà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti lé e kúrò rí, ojú sì ń tì í. Nínú ti Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Panama, ìbọn pọ̀ sí i, owó pọ̀ sí i, ìtìjú náà sì lọ.

*Snerting* ló mú kí ìbéèrè yìí ṣòro. Bàbá opó kan ti Reykjavík lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó tún lọ sí Japan, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 tí kòrónà ń ti àwọn ilé ìtura pa, kó lè wá Miko, obìnrin tó fẹ́ràn ní ọdún 50 sẹ́yìn, tí bọ́ǹbù Hiroshima ti fi ẹrù rẹ̀ lé ìdílé rẹ̀ lórí. Ìwé Ólafur Jóhann Ólafsson ni wọ́n ti mú un, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ló gbé e jáde, èdè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọmọ Baltasar fúnra rẹ̀, Pálmi, ló sì ṣe bàbá náà nígbà ọ̀dọ́. Owó òkèèrè wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ìran tó gùn jù nínú ìfẹ́ wọn wáyé nínú ilé ìdáná ilé oúnjẹ Japan kan, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń kọ́ bí a ti ń fọ abọ́ àti bí a ti ń se ẹja, kò sì sí ìjì kankan níbẹ̀.